Láti Orí Alájọ Ṣómólú dé Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí Ìmọ̀ nípa Oníbàárà Ṣe Di Ọjà

Àwọn baba wa a máa sọ pé ìgbẹ́ lójú, ọ̀dàn létí. Ìkìlọ̀ ni òwe náà jẹ́ láyé àtijọ́ fún ẹni tí ó bá rò pé òun nìkan ni ó wà ní ibi tí òun ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tí òun ti ń hùwà. Lóde òní, òwe náà ti kọjá ìkìlọ̀ lásán. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó sì ń fi ìka tẹ fóònù ọwọ́ rẹ̀, ń fi àmì sílẹ̀ sí ibi púpọ̀ tí kò mọ̀: ohun tí ó wò, bí ó ti pẹ́ tó nídìí rẹ̀, ibi tí ó wà nígbà tí ó ń wò ó, ohun tí ó rà, àti èyí tí ó wù ú láti rà ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ká. Àwọn kan ń ṣa àmì wọ̀nyí jọ, wọ́n ń tò wọ́n, wọ́n sì ń fi wọ́n pa owó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Pé oníṣòwò mọ oníbàárà rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ẹni tí wọ́n mọ̀ kò mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́. Inú ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí ni èrè àti ewu ìmọ̀ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì fún òwò àti fún ìgbé ayé ojoojúmọ́ ti pilẹ̀ṣẹ̀.

Ìmọ̀ nípa Oníbàárà ní Ayé Àtijọ́

Ọjà Yorùbá kò fi ìgbà kan jẹ́ ibi tí ènìyàn kàn ti ń fi owó gba ẹrù. Ìyá tí ó ń ta ata mọ ẹni tí yóò ṣe ìnáwó lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì mọ ẹni tí kò yẹ kí òun tà láwìn fún. Ẹni tí ń rà náà mọ ìyá yìí: ó mọ bí òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe kún sí, ó sì mọ bóyá olóòótọ́ ni tàbí arẹ́nijẹ. Títí di òní, ẹni tí ń rà a máa pe ẹni tí ń tà ní kọ́sítọ́mà rẹ̀, ẹni tí ń tà náà a sì máa pe ẹni tí ń rà bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn, nítorí pé mímọ̀ náà jẹ́ ti tọ̀tún tòsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lábẹ́ orúkọ Òṣómàálò. Wọn a ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà wá gba owó wọn nígbà tí ó bá yá. Orúkọ wọn fi ìṣe wọn hàn: òṣó ni wọn yóò lò, wọn kò ní dìde àfi bí owó wọn bá pé. Ẹni tí yóò ta aṣọ láwìn ní abúlé tí kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilé, kí ó mọ oko, kí ó mọ ẹbí, kí ó sì mọ ìgbà tí owó irè oko máa ń wọlé. Ìmọ̀ yìí ni ó fi ṣe ìdúró fún ọjà rẹ̀, orí ara rẹ̀ ni ó sì ń gbé e kiri.

Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, alájọ Ṣómólú di ẹni tí gbogbo ayé ń fi ṣe àpèjúwe. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí àsọdùn bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò farasin. Alájọ mọ iye tí olúkúlùkù ń dá. Ó mọ ẹni tí ọjà ń tà fún àti ẹni tí ọjà kò tà fún. Síbẹ̀, àyà ẹnikẹ́ni kì í já, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ni ó mọ òun náà. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ àdúgbò rẹ̀, bí ó bá sì ṣe àṣemáṣe, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti bá a.

Kì í ṣe rere nìkan ni wọ́n fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe máa ń dógò ti ajigbèsè. Olówó a bẹ ológò níṣẹ́. Ológò a sì lọ fìdí kalẹ̀ sí ilé ajigbèsè, a máa bú u, a máa pa ẹran ọ̀sìn tí ó bá bá nílé jẹ, a sì máa da gbogbo agboolé láàmú títí tí wọn yóò fi wá owó náà san. Ìtìjú ni ohun ìjà ológò. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò rí ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ó rán an. Kí ọ̀rọ̀ ológò yìí má ṣe di ìgbàgbé, nítorí pé ìtàn yóò tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí Kò Ní Ìrántí

Ní 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà nítòsí Geneva, dá àbá ètò kan tí ènìyàn yóò fi lè máa ti orí kọ̀ǹpútà kan ka ìwé tí ó wà lórí òmíràn, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó. Ní oṣù Kẹrin 1993, CERN yọ̀ǹda ètò náà fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń lò, tí àwọn oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀.

Àbùkù kan ni ètò náà ní lójú oníṣòwò: kò ní ìrántí. Bí ènìyàn bá ṣí ojúewé kan, tí ó sì ṣí èkejì, ńṣe ni kọ̀ǹpútà tí ń dá a lóhùn ń rí i bí àlejò tuntun. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bu ata sínú agbọ̀n, tí ó yíjú láti mú àlùbọ́sà, tí ìyá ọlọ́jà sì bi í pé, “Ta ni yín o? Kí ni ẹ fẹ́ rà?” Kò sí bí ọjà ṣe lè nà ní irú ibẹ̀.

Lou Montulli, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, ni ó wá ojútùú sí i ní 1994. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé kí kọ̀ǹpútà olùtajà kọ àmì kékeré kan, kí ó sì fi í pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀. Nígbàkúgbà tí oníbàárà bá padà dé, yóò mú àmì náà lọ́wọ́ bí ẹni tí ó mú káàdì àjọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì mọ̀ pé ẹni àná ni ó dé yìí, àti pé ata ti wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Kúkì ni wọ́n ń pe àmì yìí. Orúkọ náà kò níí ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Inú èdè àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yá a.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí níhìn-ín. Wọ́n lè fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo ojúewé yóò máa rí, ṣùgbọ́n Montulli kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè tọ ipasẹ̀ ènìyàn káàkiri. Ó ṣe é kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ kúkì nìkan ni ó lè kà á. Ìrántí kúkì ìgbà náà, bí ìrántí ìyá aláta, kò kọjá ìsọ̀ kan.

Bí Ìrántí Ṣe Di Ọjà

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn òfin yìí. Ní oṣù Kẹwàá 1994 ni ojúewé ìròyìn kan tí ń jẹ́ HotWired bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwòrán ìpolówó ọjà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Láàárín 1995 sí 1996, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ DoubleClick sílẹ̀ ní ìlú New York. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ìpolówó sí ojúewé àwọn ẹlòmíràn. Bí ìpolówó DoubleClick bá wà lórí ẹgbẹ̀rún ojúewé, DoubleClick náà ni ó ń kọ kúkì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi yìí, òun náà ni ó sì ń kà á.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, kí a ronú sí ọkùnrin kan tí ó háyà igun kékeré kan ní ọjà Balógun ní Èkó, òmíràn ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, òmíràn ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, títí dé gbogbo ọjà tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì fi ọmọ kan jókòó sí igun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ yìí kò ta nǹkan kan. Inú ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kọ ọ́ sí pé obìnrin báyìí ra oògùn àtọ̀gbẹ ní Balógun, pé ó bèèrè iye owó aṣọ ọmọ tuntun ní Dùgbẹ̀, pé kò rí owó san ní Ìtòkú. Ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan mọ ìwọ̀nba tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìwé náà mọ odidi obìnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìgbà tí ìwé ìròyìn Financial Times kọ̀wé lórí kúkì ní oṣù Kejì 1996 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ní 1999, DoubleClick ra Abacus Direct, ilé-iṣẹ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ń rà. Ó fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ àmì tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ó sì dá ètò náà dúró ní oṣù Kẹta 2000. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ojú ti ń ti igbó.

Ní 1998 ni Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀. Láti 2000 ni Google ti ń ta ìpolówó tí ó bá ohun tí ènìyàn ń wá mu. Ẹni tí ó ń wá “oògùn orí fífọ́” fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ní 2007, Google kéde pé òun yóò ra DoubleClick ní bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, ọ̀ràn náà sì parí ní 2008. Báyìí ni ìwé ohun tí ènìyàn ń wá àti ìwé ibi tí ènìyàn ń lọ ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan. Facebook, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, fi ti ọ̀rẹ́, ẹbí àti ìfẹ́ inú kún un. Nígbà tí ó di 2010, ó gbé bọ́tìnì tí ènìyàn fi ń sọ pé nǹkan wu òun lọ sí ojúewé àwọn ẹlòmíràn. Bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Facebook lè mọ̀ pé ó dé ibẹ̀.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Yorùbá sì ní, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń pàtẹ orúkọ ènìyàn bí ẹni pàtẹ iṣu; ohun tí wọ́n ń tà ni àǹfààní láti dé ọ̀dọ̀ irú ẹni tí olùtajà ń wá, ní àkókò tí ọkàn ẹni náà rọ̀ jù lọ. Pé irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò mọ sórí ọṣẹ àti bàtà hàn gbangba ní oṣù Kẹta 2018, nígbà tí àṣírí Cambridge Analytica tú. Nǹkan bí 270,000 ènìyàn ni ó gbà láti dáhùn ìbéèrè kan lórí Facebook. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà bá a lọ, títí iye àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè kàn fi tó mílíọ̀nù 87. Ọ̀ràn ìbò ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìwé ìròyìn Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀n ròyìn ní ọdún náà pé ilé-iṣẹ́ yìí ti bá wọn dá sí ìbò ààrẹ Nàìjíríà ti 2015 pẹ̀lú. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 5 dọ́là lé Facebook lórí. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ lè bọ́ sí pańpẹ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí fèrèsé.

Bí Ó Ṣe Wọ Àpò Àwọn Ará Ilé

Kí 2001 tó dé, ẹ̀rọ tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó 500,000. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀. Kò tó ogún ọdún tí fóònù fi di ohun tí birikìlà, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ìyá ẹlẹ́kọ ń lò. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bá pàdé lórí tábìlì, inú àpò ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í bá ènìyàn lọ sí oko, sí ọjà, sí ilé ìsìn. Fóònù ń bá a lọ. Ó mọ ibi tí ó sùn, ó sì mọ ibi tí ó jí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè ojoojúmọ́ tí ó fi ọ̀ràn yìí hàn kedere. Ọ̀rọ̀ náà ni dátà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀, dátà ni ohun tí wọ́n ń fi owó rà kí fóònù tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. “Dátà mi ti tán” ni wọ́n ń wí. Lẹ́nu àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, dátà ni àkọsílẹ̀ nípa ìgbésí ayé ẹni tí ó ra dátà náà. Ti àkọ́kọ́ ń tán, ti èkejì kì í tán. Ẹni tí ó san owó fún ti àkọ́kọ́ ni ó ń fi ti èkejì sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn nínú kíkọ orúkọ sílẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka sílẹ̀ lórí nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ní 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà báńkì, BVN, kalẹ̀. Ní òpin 2020 ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n so nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ọmọ orílẹ̀-èdè. Ètò ààbò àti dídènà jìbìtì ni ìdí tí wọ́n ṣe é, ìdí náà sì nílárí. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fọ́n káàkiri tẹ́lẹ̀ ti ní okùn kan tí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ènìyàn kan ṣoṣo.

Kò tọ́ kí a fi ojú ewu nìkan wo ìyípadà yìí. Ẹni tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú kò ní láti dúró de kìkì ẹni tí ó bá gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́. Ó lè gbé àwòrán aṣọ rẹ̀ sórí Instagram, kí ó san owó díẹ̀, kí ó sì ní obìnrin tí ó wà láàárín ọdún 25 sí 45, tí ó ń gbé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀n, tí ó sì fẹ́ràn aṣọ ìbílẹ̀, ni òun fẹ́ kí ó rí i. Láyé Òṣómàálò, ọ̀pọ̀ ọdún ìrìn ni yóò gbà kí ènìyàn tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́ ní òpin oṣù Kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọlọ́jà tí oníbàárà rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp rí ọ̀nà bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ní, ìsọ̀ náà ni ó tì.

Síbẹ̀, ìmọ̀ tí alágbàfọ̀ àdìrẹ yìí ń lò kì í ṣe tirẹ̀. Ó háyà rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ojúewé náà mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ju bí òun ti mọ̀ wọ́n lọ, ó sì lè ta ọ̀nà kan náà fún ẹni tí ń bá a du ọjà ní ọ̀la. Bí wọ́n bá ti ojúewé rẹ̀ pa, oníbàárà tí ó ti kó jọ láti ọdún márùn-ún lè pòórá ní òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni.

Ológò Orí Fóònù

Ibi tí ọ̀ràn náà ti dun àwọn ènìyàn jù lọ ni ti owó yíyá. Báńkì kì í sábà yá ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí onídùúró lówó. Ní àwọn ọdún tí ó yí 2020 ká, àwọn ayánilówó orí fóònù pọ̀ jọjọ. Wọn kò bèèrè onídùúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bèèrè ni ìyọ̀ǹda láti wo inú fóònù: iṣẹ́ tí báńkì fi ń ránṣẹ́ nígbà tí owó bá wọlé tàbí tí ó bá jáde, àti orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀rọ ti ṣírò bóyá ènìyàn yóò lè san án, owó sì ti wọlé. Aránṣọ tí ó nílò owó ìkọ́ṣọ̀, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ni wọ́n rí ìrànwọ́ tí báńkì kò ṣe fún wọn. Kò yẹ kí a fojú kéré èyí.

Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fún ni láti san án, èlé rẹ̀ a sì ga. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, nígbà náà ni ènìyàn yóò mọ ìdí tí wọ́n fi gba orúkọ inú fóònù rẹ̀. Wọn a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀, àti sí ẹni tí ó rán aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé olè ni, kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Àwọn kan rí àwòrán ara wọn tí wọ́n kọ “olè” sí. Wọ́n sì kéde ikú àwọn mìíràn tí wọ́n wà láàyè. Yorùbá ní bí ojú kò bá ti olè, ojú a máa ti ará ilé rẹ̀. Lórí òwe yìí ni wọ́n gbé òwò náà kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè kì í ṣe olè jíjà.

Ológò ìgbà Johnson ni ó padà dé yìí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ológò àtijọ́ wá sí ilé ajigbèsè nìkan. Ti òde òní wọ igba ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ológò àtijọ́ ní ojú àti orúkọ. Ti òde òní kò ní ju nọ́ńbà tí yóò yí padà lọ́la. Bí wọ́n bá sì ti san owó ológò àtijọ́, yóò dìde kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kì í padà sẹ́yìn. Aránṣọ tí ó yá 10,000 náírà lè san án pẹ̀lú èlé rẹ̀, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má sì gbé aṣọ wá mọ́.

Ìsapá Àwọn Aṣòfin

Nígbà tí wàhálà pọ̀, òfin bẹ̀rẹ̀ sí sáré tọ ẹ̀rọ lẹ́yìn. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ni òfin ààbò dátà ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kíní 2019, àjọ NITDA gbé ìlànà ti Nàìjíríà jáde. Ní oṣù Kẹfà 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà. Òfin yìí sọ pé ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa òun, láti ní kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, àti láti gba ìyọ̀ǹda tí òun ti ṣe padà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá, ní ẹsẹ̀ 37, ti dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè nínú ilé rẹ̀, nínú ìwé tí ó ń kọ àti lórí tẹlifóònù.

Kì í ṣe lórí ìwé nìkan ni òfin wọ̀nyí wà. Ní 2021, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ayánilówó orí fóònù kan lórí. Ní oṣù Kẹta 2022, àjọ FCCPC, tí ń gbèjà àwọn oníbàárà, lọ yẹ ilé àwọn ayánilówó wò ní Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Láti 2023 ni Google kò ti gba áàpù owó yíyá láàyè láti wo orúkọ àti àwòrán inú fóònù mọ́. Ní oṣù Keje 2024, FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ìlànà tí WhatsApp gbé jáde ní 2021. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọn kò fún ọmọ Nàìjíríà ní irú àǹfààní láti gbà tàbí láti kọ̀ tí wọ́n fún àwọn ará Yúróòpù. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ogun ti parí ń tan ara rẹ̀ ni. Ní 2020, Google ṣèlérí láti fòpin sí irú kúkì tí ń tọ ènìyàn láti ojúewé kan dé òmíràn. Ní 2024, ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Èrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò kéré.

Àgbálọgbábọ̀

Láti orí òpìtàn Òṣómàálò dé orí kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ni oníṣòwò ń wá: ta ni yóò rà, kí ni yóò rà, ṣé yóò san? Ìbéèrè náà kò burú. Láìsí ìmọ̀ yìí, kò sí àwìn, kò sí àjọ, kò sì sí ọjà. Ohun tí ó burú ni pé ìdajì àdéhùn àtijọ́ ti sọnù. Alájọ Ṣómólú mọ gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn sì mọ alájọ Ṣómólú. Òfin ààbò dátà, bí a bá wò ó dáadáa, ìgbìyànjú láti dá ìdajì tí ó sọnù náà padà ni.

Òfin nìkan kò lè ṣe é. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ní fóònù lónìí ni yóò di ọlọ́jà, aránṣọ tàbí ajigbèsè lọ́la. Ẹni tí yóò kọ́ ọ pé kí ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó tẹ “mo gbà”, pé orúkọ àwọn ẹlòmíràn tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ, àti pé òfin fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe olùkọ́. Ìgbẹ́ ti lójú nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.